Pápá Ìṣeré Tí Ó Ń Dúró De Àlejò

  

A mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń retí nínú ìwé ọdún bí èyí ni ọ̀rọ̀ lórí orúkọ, oyè àti oúnjẹ ilẹ̀ wa. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára, àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ju àwa lọ yóò sì kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí a fẹ́ kí a jọ gbé ohun kan yẹ̀ wò tí púpọ̀ nínú wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì bojú wò ó. Ohun náà ni pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe tí ó wà ní Ogui Road. A fẹ́ yìn ín níbi tí ó yẹ fún ìyìn, kí a sì bá a wí níbi tí ó yẹ fún ìbáwí.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ọkàn wa kò ju báyìí lọ. Ní ọjọ́ eré àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́dún tó kọjá, pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ ni a yá. Owó ni a san, a kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, koríko sì ti bo àwọn kòtò inú pápá náà mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré tí ẹsẹ̀ ọmọ kan kó sínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò yìí. Ilé ẹni tí ń to eegun ni a gbé e lọ, oṣù méjì gbáko ni ó sì fi fi ọ̀pá rìn. Nígbà tí a lọ bá àwọn tí ó ni pápá náà, ìdáhùn wọn ni pé àwọn yóò tún un ṣe bí àwọn bá ní ìdíje láti gbà lálejò. Ìdáhùn yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Bí ó ti rí fún pápá kékeré ni ó rí fún ńlá. Àlejò ni a ń tún pápá ṣe dè, kì í ṣe ọmọ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn pápá Enugu yìí. Ọdún 1959 ni a dá a sílẹ̀, ìyẹn ọdún kan ṣáájú òmìnira. Ní 1986 a tún un kọ́. Ó gba nǹkan bí 22,000 èèyàn. Ní 1999, nígbà tí Nàìjíríà gba ìdíje àgbáyé àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ lálejò, Enugu wà lára ìlú 8 tí wọ́n ti gbá a. Ìdíje yẹn ni Spain ti gba ife, tí Xavi àti Casillas wà nínú ẹgbẹ́ wọn nígbà tí ayé kò tíì mọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2009, ìdíje ti àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ tún dé sí Nàìjíríà, Enugu sì tún wà lára ìlú 8 tí ó gbà á. Wọ́n tún pápá náà ṣe, wọ́n sì tẹ́ koríko àtọwọ́dá sí i. Àwọn ọmọ wa dé ìparí ní Abuja ní ọdún yẹn kí Switzerland tó fi góòlù 1 sí òdo borí wọn.

Ohun méjì ni a fẹ́ yìn lára pápá yìí. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Àárín ìlú ni ó wà, kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láti ọ̀pọ̀ àdúgbò. Lónìí, ẹ̀yìn ìlú ni àwọn ìjọba máa ń gbé pápá ìṣeré sí, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé owó ọkọ̀ nìkan ti pọ̀ ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn tí ó yan ilẹ̀ Ogui Road ní 1959 rò ti mẹ̀kúnnù, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n.

Èkejì ni orúkọ tí a sọ ọ́. Gbogbo wa mọ Azikiwe gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé Zungeru ni wọ́n bí i sí, ó kàwé ní Èkó, ó sì gbọ́ Haúsá, Ìbò àti Yorùbá. Eléré ìdárayá ni òun fúnra rẹ̀, òun ni ó sì dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá Zik's Athletic Club sílẹ̀ ní Èkó. Òun kan náà ni ó ṣe agbátẹrù Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1960, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa sì ń kàwé ní ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà níhìn-ín ní Enugu. Lójú Zik, ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Ẹ kò lè sọ ìtàn pápá yìí kí ẹ má sọ ti Rangers. Ọdún 1970 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn onílé wa kò ní ohun púpọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó ń mú orí wọn wú. Ní 1975 Rangers dé ìparí ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife líìgì ní Áfíríkà, Hafia ti Guinea ni ó sì borí wọn. Àwọn olólùfẹ́ wọn ń pe pápá Ogui Road ní Cathedral, bí ẹni ń pe ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí bíṣọ́ọ̀bù ń jókòó sí. Orúkọ náà bá a mu. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ tí Rangers bá jẹ góòlù yóò mọ̀ pé orin àti ìyìn tí ń ti ibẹ̀ jáde kò kéré sí ti ilé ìsìn.

Àwa ọmọ Yorùbá ní ìtàn tiwa pẹ̀lú Rangers, àwọn àgbà wa kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ní 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife Cup Winners' Cup ti Áfíríkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1977, IICC àti Rangers pàdé nínú ìdíje kan náà, nígbà tí ó ku ìpele kan kí wọ́n dé ìparí. Èkó ni wọ́n ti gbá ti àkọ́kọ́, òdo sí òdo. Kaduna ni wọ́n ti gbá èkejì, òdo sí òdo náà ni. Pẹ́náritì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, Rangers sì borí pẹ̀lú 4 sí 2. Rangers náà ni ó padà gba ife ní ọdún yẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe Ìbàdàn, kì í sì í ṣe Enugu, ni wọ́n ti gbá èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá rántí pé ọdún 7 péré ni ogun fi parí yóò mọ ìdí tí ọkàn àwọn èèyàn kò fi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 3. Ní oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Surulere, Nàìjíríà gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Góòlù 3 sí òdo ni wọ́n fi borí Algeria. Segun Odegbami jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan, ọmọ IICC sì ni àwọn méjèèjì. Ta ni balógun wọn tí ó gba ife náà? Christian Chukwu ti Rangers ni, ẹni tí ó kú ní Enugu níhìn-ín ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn tí wọ́n kò lè jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nílé ara wọn ní 1977 ni ó para pọ̀ gba ife fún gbogbo wa ní 1980. Ohun tí pápá ìṣeré lè ṣe fún àwọn èèyàn tí ó jà tán nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pápá kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ eré lásán fún àwa tí a ń gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wa.

Nǹkan mìíràn tún wà lára ìtàn yìí tí inú àwa tí a kàwé ní pòlì máa ń dùn sí. Akẹ́kọ̀ọ́ Polytechnic Ìbàdàn ni Odegbami. Ìwé ẹ̀rọ ni ó ń kà níbẹ̀ ní àsìkò tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó yan ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọni ayé ìgbà yẹn ti jáde, kì í ṣe ilé àwọn olówó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi ìbáwí. Ẹni tí ó bá to àwọn ọdún tí a kà sókè yìí jọ yóò rí i pé lẹ́yìn àtúnkọ́ ti 1986, ìgbà tí àlejò láti òkè òkun ń bọ̀ ni ariwo àtúnṣe máa ń pọ̀ jù. Bí àlejò bá ti lọ, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni yóò tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ń pe ibẹ̀ ní Cathedral, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣọ́ọ̀ṣì wo ni a máa ń gbá kìkì nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀? Àwọn ọmọ ìjọ tí ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Ẹ mú ọ̀rọ̀ koríko àtọwọ́dá yẹn. Púpọ̀ nínú wa rò pé bí a bá ti tẹ́ ẹ, ó parí, pé kò ní òùngbẹ, kò sì ń dàgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn àti èérún rọ́bà ni wọ́n ń dà sáàárín rẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán, kí ó sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. A gbọ́dọ̀ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a déédéé, kí a sì máa fi èérún rọ́bà mìíràn kún èyí tí ó bá ṣí lọ. Bí a kò bá ṣe é, yóò sùn lélẹ̀, yóò le bí òkúta, yóò sì máa bó ara agbábọ́ọ̀lù. Bí a tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nǹkan bí ọdún 8 sí 10 ni ó ń lò kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹ́ koríko bẹ́ẹ̀ ní 2009 gbọ́dọ̀ ti máa kó owó èyí tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ jọ láti 2010. Igi gáńgánrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Àwa tí a ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ ìjọba mọ ibi tí àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò ìṣúná, owó ilé kíkọ́ wà lọ́tọ̀, owó ìtọ́jú ilé sì wà lọ́tọ̀. Owó ilé kíkọ́ ní òkúta ìpìlẹ̀, ó ní rìbọ́nì tí a óò gé, ó ní àwòrán tí yóò jáde nínú ìwé ìròyìn. Owó ìtọ́jú kò ní ìkankan nínú wọn. Ta ni yóò pe gómìnà wá gé rìbọ́nì nítorí pé a yọ ìdọ̀tí inú gọ́tà? Nígbà tí owó bá sì ṣọ̀wọ́n, owó ìtọ́jú ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Fáìlì ti gba ọwọ́ àwa náà kọjá, a sì mọ ohun tí ojú wa rí.

Èrè rẹ̀ ni ojú gbogbo wa rí ní 2024. Rangers gba ife líìgì Nàìjíríà ní ọdún yẹn, ìgbà kẹjọ wọn sì ni. Ayọ̀ kún Enugu, àwa náà sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje Champions League ti Áfíríkà, pápá Uyo, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ni wọ́n ti lọ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n gbá nílé. Ẹni tí ó gba ife kò lè gba àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Bí a ti kọ́ ilé de àlejò tó nìyẹn, síbẹ̀ nígbà tí àlejò gan-an dé, ilé kò yẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìbò ni a ń fi ọ̀rọ̀ yìí gún lára. Àwa náà ní ẹ̀gbin tiwa. Pápá Surulere tí a gba ife ti 1980 yẹn, tí wọ́n kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi di ahoro lójú wa ní Èkó. Pápá Liberty ní Ìbàdàn, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1960, tí ó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 2010, ni Dick Tiger ti ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí ó sì borí Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà. Dick Tiger jẹ́ ọmọ Ìbò, Ìbàdàn sì ni ayé ti wá wò ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn bí pápá náà ti rí ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àìsàn kan náà ni, èdè nìkan ni ó yàtọ̀.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é tí ó yọrí? Ó wà. Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ mú wá láti Amẹ́ríkà ni, níbi tí àwọn ọmọ àti àbúrò ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Ní ìlú Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, yunifásítì kan wà tí ó ní pápá tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn kọ́ ni tiwa, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pápá kò yàtọ̀. Ní 1927 ni wọ́n ṣí i. Èèyàn 72,000 ni ó gbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí ó gba 107,601, kò sì sí pápá tí ó tóbi tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Real Madrid àti Manchester United lọ gbá bọ́ọ̀lù irú tiwa níbẹ̀, èèyàn 109,318 ni ó wò ó.

Ohun mẹ́ta nípa pápá yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní ni bí wọ́n ṣe rí owó rẹ̀. Fielding Yost, tí ó jẹ́ olórí eré ìdárayá níbẹ̀, kò dúró de owó orí àwọn ará ìlú. Ó yá owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó tẹ ìwé àyálówó 3,000, ó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 500 dọ́là, ó sì ṣèlérí èlé lé e. Ẹni tí ó bá rà á ní ẹ̀tọ́ láti máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ibi tí ó dára jù fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn. Ẹni tí ó yá ọ lówó kọ́ ilé kò ní gbà kí ilé náà wó, nítorí owó rẹ̀ wà níbẹ̀, àga rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Èkejì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Yost mọ̀ pé 72,000 kò ní tó àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tí ó lè gbé ju 100,000 èèyàn lọ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lò ó. Ọdún 1956 ni wọ́n tó kọjá 100,000 lórí ìpìlẹ̀ yẹn, nígbà tí Yost ti kú. Bàbá tí ó gbin obì kò retí pé òun ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé láti 1975, kò sí ìgbà kan tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tí èrò kò ju 100,000 lọ, títí àrùn Kòrónà fi ti ilẹ̀kùn ní 2020. Kì í ṣe àlejò ni wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ ni, àti ọmọ àwọn tí ó ti jáde. Nígbà tí wọ́n parí àtúnṣe ńlá kan níbẹ̀ ní 2010, tí ó ná wọn tó 226 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn èèyàn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣe é fún.

A ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní, “Amẹ́ríkà ni ìyẹn, owó wà lọ́wọ́ wọn.” Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí Enugu kọ́ pápá 100,000. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ tí a ń sọ. Ìyàtọ̀ náà ni pé pápá wọn ní ilé, ó sì ní ará ilé. Ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣí lọ. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ tuntun ń wọlé, ọdọọdún ni àwọn mìíràn ń jáde tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ilé àwọn títí ọjọ́ alẹ́. Ìjọba a máa yí padà, ìdíje a sì máa parí.

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa pé bí pápá bá ti jẹ́ ti yunifásítì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wo Gánà tí ó wà nítòsí wa. Yunifásítì Gánà ní Legon, ní Accra, ní pápá tí ó gba 11,000 èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ fi dúró lórí rẹ̀ láì parí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, tí wọ́n ń gboyè jáde láì lò ó. Nígbà wo ni wọ́n parí rẹ̀? Nígbà tí ìdíje gbogbo Áfíríkà ń bọ̀ ni, tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí eré sísá sì wáyé níbẹ̀. Àlejò náà ni ó kọ́ ti wọn. Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, ìgbà tí Yunifásítì Èkó fẹ́ gba ìdíje àwọn yunifásítì, NUGA, lálejò ní 2022 ni ibùdó eré ìdárayá rẹ̀ rí àtúnṣe ńlá. A kò sọ pé kò dára. Ó dára, ẹni tí ó bá rí ọmọ tí ó sáré níbẹ̀ yóò dúpẹ́. Ìbéèrè wa ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì, ní ọdún kẹta, nígbà tí kò sí ìdíje, tí kò sí kámẹ́rà, tí ó jẹ́ pé ọmọ ilé nìkan ni ó kù.

Nítorí náà, ìdájọ́ wa lórí pápá Enugu nìyí. Ibi tí ó wà dára, orúkọ rẹ̀ dára, ìtàn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ohun tí ó kù fún un ni ará ilé, ìyẹn àwọn tí yóò máa lò ó láàárín ọ̀sẹ̀, tí inú yóò sì bí bí iná kan bá kú níbẹ̀. A ní èrò mẹ́ta lórí èyí.

Èrò kìíní: kí àwọn tí ó wà nídìí àkóso pápá náà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú yìí ní ọjọ́ tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ka Yunifásítì Nàìjíríà wà níhìn-ín, IMT wà níhìn-ín, ESUT náà kò jìnnà. Láti 2018 ni líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n ń pè ní HiFL, ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà wà, bọ́ọ̀lù sì wà. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ni ó dá yunifásítì sílẹ̀. Kí ló dé tí a fi ya ọmọ méjèèjì sọ́tọ̀?

Èrò kejì: kí wọ́n ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ láti inú owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ilẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo èèyàn lè kà á. Owó tí gbogbo ojú ń wò kì í tètè sọnù.

Èrò kẹta kan àwa fúnra wa. Ẹ̀yin òbí, ìgbà wo ni ẹ kẹ́yìn ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ pápá Ogui Road? Púpọ̀ nínú wa mọ àga tí Chelsea àti Arsenal ń jókòó sí ju èyí tí ó wà ní ìdí ilé wa lọ. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni a ń sanwó sí, a sì wá ń ṣàròyé pé pápá ìlú wa bàjẹ́. A ń gbé ní Enugu, a ń jẹ ní Enugu, àwọn ọmọ wa kan kò mọ ìlú mìíràn. Bí Shooting Stars bá wá bá Rangers gbá, ẹ jẹ́ kí a kó ọmọ wa lọ. Kí a wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa, kí a pariwo fún tiwa, kí a sì na ọwọ́ sí ẹni tí ó jókòó tì wá bí ó bá di àṣálẹ́, ìbáà jẹ́ àwa ni ó borí tàbí àwọn. Ohun tí kò ṣeé ṣe nílé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní 1977 nìyẹn. Ó ṣeé ṣe fún wa lónìí, kí a má fi ṣeré.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A fẹ́ fi kún un pé ilé tí a kò jẹ́ kí ọmọ wọ̀, kò sí bí ọmọ náà yóò ṣe mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ọmọ tí ó ṣẹsẹ̀ lọ́jọ́ eré wa yẹn ti ń rìn dáadáa báyìí, a dúpẹ́. Ó ti bèèrè lọ́wọ́ wa ibi tí a óò ti ṣe eré ti ọdún yìí. A kò tíì dá a lóhùn. A rọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ pápá Ogui Road sọ̀rọ̀, kí wọ́n béèrè ọjọ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ wa, kí a sì pe àwọn ọmọ àwọn onílé wa láti wá bá wọn gbá. Bí wọ́n bá ní kí a sanwó, a óò san án. Bí wọ́n bá ní kí a gbá ilẹ̀ kí a tó lọ, ẹ jẹ́ kí a mú ìgbálẹ̀ dání.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kí ó jẹ́ kí a rí ọdún púpọ̀ lórí ilẹ̀ yìí pẹ̀lú àwọn onílé wa, kí ó má ṣe jẹ́ kí a ṣi ẹsẹ̀ gbé.